Iṣẹ́ Tí Mo Jẹ́ fún Ìyá Èkó

"Jókòó ti rédíò yìí," ni ìyá náà wí, ó fi ọwọ́ tí epo ti kùn gbá mi léjìká. "Má gbé e kúrò níbẹ̀ o. Bí o bá sún un báyìí, ohùn á lọ."

Wáyà rédíò náà gun igi ọsàn lọ dé ẹ̀ka òkè, abẹ́ igi yẹn nìkan ló sì ti ń mú ohùn. Èéfín ẹyìn tí wọ́n sè láàárọ̀ ṣì wà nínú àgbàlá, ó ń ta mí lójú. Nínú rédíò, ọkùnrin kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ.

Ìyá yìí kì í ṣe ìyá ìyá mi. Aládùúgbò wa ni, ní abúlé wa lápá Kpoulou, ní ìhà ààlà tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìyá Èkó là ń pè é, torí Èkó ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń yí rólà tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ lórí pápá kan tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ó gbé rédíò ọkọ padà wálé. Kò gbọ́ Faransé, àwa náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òun nìkan ni rédíò yẹn ń bá sọ̀rọ̀.

Ó kọ́ àwa ọmọdé ní eré náà. Igi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta la máa ń rì mọ́lẹ̀, ìdí imọ̀ ọ̀pẹ ni pákó wa, ọsàn tí kò tíì pọ́n ni bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju ọsàn, ẹnì kejì á fi pákó gbà á kó má baà kan igi. Bó bá kan igi, ẹni tó di pákó mú ti ṣubú nìyẹn, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀, títí gbogbo wọn á fi tán. Ó ní àwọn àgbà máa ń fi odindi ọjọ́ márùn-ún gbá a, wọ́n sì lè gbá a tán kí ẹnikẹ́ni má borí. A rẹ́rìn-ín títí. Eré wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ ìkẹyìn ni. Àwọn dúdú tó wá láti erékùṣù ni ìyá fẹ́ràn, wọn ò sì lè borí mọ́. Méjì péré ló kù nínú wọn, ọ̀kan ti ṣèṣe lọ́wọ́. Méjì ló gbọ́dọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà; bí ọ̀kan bá ṣubú, ó parí. Bí àwọn méjèèjì bá lè dúró títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ṣú, wọn ò ní pàdánù.

"Ìyá Èkó, ẹ̀yin náà!" Obìnrin kan ló pariwo láti inú ẹkù, kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. "Ẹ ní wọn ò lè borí, ẹ ṣì ń gbọ́ ọ?"

"Wọ́n lè má ṣubú," ni ìyá dáhùn. "Ìwọ tó o ti ń bá orogún rẹ fà á láti ọjọ́ yìí, o ti borí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Mi ò ṣáà tíì ṣubú!"

Àáró ni wọ́n ń ṣe, lónìí nílé tèmi, lọ́la nílé tìrẹ. Ní abúlé wa, ẹni tó ni epo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi igbá kàn án. Bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ gbọ́n ọn, wọ́n á ní ó ti kó ire epo náà lọ sílé ara rẹ̀. Ti ìyá ló kàn lọ́jọ́ yẹn, epo sì ti léfòó. Wọ́n ń pe ìyá, kò lè gbé rédíò lọ sídìí ẹkù, ló bá fi mí síbẹ̀.

"Bí wọ́n bá hó lójijì, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tó pọ̀, ẹnì kan ti ṣubú nìyẹn. Sáré wá sọ fún mi. Bó bá jẹ́ àtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́, wọ́n ṣì dúró."

Mo jókòó. Mò ń gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kan pákó, kọ́, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́. Píìlì, bátìrì inú rédíò, ti ń rẹ̀, ohùn ọkùnrin yẹn sì ti tín-ín-rín. Lójijì, wọ́n hó. Mo dìde, mo sáré. Àtẹ́wọ́ náà ṣì ń dún lẹ́yìn mi, n kò dúró gbọ́ ọ.

"Ó ti ṣubú! Ìyá, ó ti ṣubú!"

Ìyá ti ti igbá bọ epo. Ó dúró bẹ́ẹ̀, epo ń kán padà sínú ẹkù. Obìnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan wá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," bí ẹni ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Kò burú," ni ìyá wí. "Wọ́n dúró pẹ́." Ó wò mí. "Ẹsẹ̀ rẹ yá, ọmọ mi." Ó gbọ́n epo rẹ̀. Epo tuntun yẹn ló fi fún mi jẹ iṣu sísun. Nígbà tó fi máa dé ìdí rédíò, píìlì ti kú.

Ta ni ì bá tún bi léèrè? Ta ló mọ kíríkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo agbègbè Adja-Ouèrè wa? Bí ọ̀rọ̀ eré náà bá ti wáyé lẹ́yìn ìgbà náà, á mi orí, á ní, "Ó ku díẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ epo mi."

Zẹ́mìjàn, ọlọ́kadà akérò, ni mò ń ṣe báyìí, láàrin Ikpinlè àti Adja-Ouèrè. Bí n kò bá rí èrò, mo máa ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo wo ọjọ́ ìkẹyìn eré kan. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn dúró, wọ́n dúró, títí wọ́n fi ní eré ti parí. Gbogbo òǹwòran dìde, wọ́n hó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Mo gbé fóònù súnmọ́ etí lórí ọ̀kadà. Mo mọ àtẹ́wọ́ yẹn: irú rẹ̀ ló ń dún lẹ́yìn mi lọ́jọ́ epo ìyá. Tẹni tó ṣubú máa ń bẹ́, á sì rọlẹ̀, torí ẹlòmíràn ń bọ̀. Nígbà tí méjì péré bá sì kù, tí ọ̀kan ṣubú, eré parí nìyẹn, àtẹ́wọ́ tirẹ̀ náà lè pẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò lè búra. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣubú, ó lè jẹ́ pé wọ́n dúró. Èmi ni mo yẹ kí n dúró gbọ́, n kò sì dúró.

Ìyá ti kú kí n tó ra fóònù. Wáyà náà ṣì wà lórí igi ọsàn, ó ti dípẹtà.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, pé zẹ́mìjàn wo ló ń lọ́ra báyìí. Bí èèyàn bá ń rán mi níṣẹ́ sílé aláìsàn, tàbí sílé ọmọ tuntun, n kì í tètè tan ẹ́ńjìnnì. Mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán, mo sì tún máa ń dúró díẹ̀ sí i.