Korobá Ìyá Àkànjí

Ó di ọdún márùn-ún tí Matiu Olúbọ̀dé, tíṣà n'Íkìrun, ti ń sin ewé omi nínú ìgò mẹ́wàá lójú fèrèsé. Ewé omi ni ohun aláwọ̀ tútù tí í bo ojú adágún. Ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, àfi kí omi máa tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àgbàdo.

Matiu kò láya. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá a fi korobá irin rẹ̀ fa omi kànga, omi a sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Láàárọ̀ a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, a fi oríkì pe ọmọ rẹ̀:

"Àkànjí, omi àwọn ọmọ rẹ nìyí o."

Lóṣù kẹjọ ọdún 1963, ìyá kú. Ẹbí pín ẹrù rẹ̀. Matiu ní òun ò mú nǹkan kan. Ó ra korobá rọ́bà.

Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, omi inú ìgò ti ń pọ́n rúsúrúsú, bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́njú mú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá kan láti yunifásítì Ìbàdàn ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní. Bí wọ́n bá dára, òun á mú Matiu lọ síbi iṣẹ́ ìwádìí. Matiu gbé ìgò sún mọ́ oòrùn. Kò gbọ́. Ó ha bàbà díẹ̀ sí ọ̀kan. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ohun inú rẹ̀ ti kú, ó ti rì sísàlẹ̀.

Ó jókòó ti kànga. Kànga kan náà ni. Omi kan náà. Ó tẹjú mọ́ korobá rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ títí.

Lọ́jọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́. Ó la Ìnísà kọjá, ó dé Òkukù lọ́dọ̀ Àjíkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀. Adìẹ ló ń mumi nínú korobá irin ìyá, tó kan Àjíkẹ́ nígbà tí wọ́n pín ẹrù.

"Ẹ kúulé, Ìyá Òkukù. Korobá yẹn ni mo wá gbà."

"Èyí tó dógùn-ún yìí?" Àjíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àkànjí! A pín aṣọ, o ò mú. A pín ìkòkò, o ò mú. Korobá adìẹ lo wá gun kẹ̀kẹ́ wá bá? Ìyàwó ló yẹ kó o máa wá kiri!"

Ó ti tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní Àkànjí gbẹ̀yìn.

"Omi àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ fi fà, mà."

Ẹ̀rín Àjíkẹ́ dá. Ó da omi adìẹ nù, ó fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nu ẹnu korobá, ó gbé e fún un.

Matiu jẹ́ kí omi sùn mọ́jú nínú rẹ̀, ó bu díẹ̀ sí ìgò kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìgò yẹn tutù padà. Mẹ́jọ yòókù ṣì pọ́n. Irin ni wọ́n ń wá, bíńtín, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Láìsí i, wọn kò lè pèsè àwọ̀ ara wọn.

Ọ̀gá Ìbàdàn dé, ó gbé ìgò náà sókè.

"Tíṣà, kí lo fi sí èyí?"

"Ìpáàrà korobá ìyá mi, sà."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀: irin. Ó ní kí Matiu múra, wọn á jọ ṣiṣẹ́ bí ọdún bá yí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Matiu fa omi, ó gbé korobá sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun. Lẹ́yìn náà ó wọlé.