Àwòrán Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Elétò ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ ta àwọn tí kò lè rìn lọ́rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ rárá. Ó to ìwé, ó tún un tò. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Ogún kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì ṣáájú nínú ìwé àwọn tó ń retí. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn tí àbúrò náà ti ń wo ayé láti ojú fèrèsé.

Lọ́rì dé. Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé ìwé ìdúpẹ́ ni í ṣáájú, kí wọ́n tó tú ẹrù. Ìyá Elétò fọwọ́ sí ìwé, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó fún aṣojú ọlọ́rẹ. Ọkùnrin náà ká a sápò àyà. Ìgbà tí wọ́n ṣí tapólì tó bo ẹrù ni ara Ìyá Elétò tó bù máṣọ. Àwòrán olùdíje kan ló wà lẹ́yìn gbogbo kẹ̀kẹ́, wọ́n kọ “Dìbò fún mi” sábẹ́ rẹ̀, ìbò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé mi padà.”

“Màmá, ṣé àwòrán ń gún ẹni tó bá jókòó ni?”

“Òfin kò gba ẹgbẹ́ aláàánú láyè láti polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba á gba ìwé àṣẹ wa, a ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká yọ àwòrán, ká gba kẹ̀kẹ́.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Àwòrán ni ọ̀gá mi fi ránṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ kàn gbé e wá ni.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo gbọ́ pé àbúrò yín ń retí ọ̀kan. Ẹ gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sẹ́ni tó máa rí i.”

Ìyá Elétò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ ọn. Ó yí lọ díẹ̀, wẹ́rẹ́, láìpariwo. Obìnrin náà rìn yí lọ́rì ká lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ bò ó padà,” ló wí. “Gbogbo rẹ̀. Ìwé mi dà?” Ọkùnrin náà fà á yọ lápò, ó fi lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó délé, àbúrò rẹ̀ ti wọ bàtà ìjáde láti òwúrọ̀, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Elétò ròyìn fún un, kò fi ọ̀kan pe méjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá wá fẹ́ jáde lọ́la, ṣé òfin ni n ó gùn?”

“Ẹ̀yìn mi lo máa gùn.”

“Ẹ̀yìn tó ń dùn yín yẹn?”

Ìyá Elétò kúnlẹ̀, ó ń tú okùn bàtà àbúrò rẹ̀. Ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ èkejì.

“Ohun tó tọ́ lẹ ṣe,” ni àbúrò wí níkẹyìn. “Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n yọ̀ lónìí.”