Ìgò Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Fi Ẹran Àyà Ẹ̀gbọ́n Mi Sí

Jẹjẹrẹ kọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sì dúró níwájú òkú rẹ̀, tí mo sọ fún gbogbo èèyàn pé jẹjẹrẹ ni, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ti sọ òótọ́ fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Mi ò lè gbé e mì mọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà òrùlé ni, ọkùnrin gìrìpá. Tó bá wà lórí àjà, á máa yọ wá lẹ́nu nísàlẹ̀: "Ẹ̀yin ará ilẹ̀, ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Ilé àtijọ́ kan ló ń tú òrùlé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ àdán gbígbẹ dà lé e lórí bí ìyẹ̀fun. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àdán ti fi àtíkè kun òun. Ikọ́ náà ò lọ mọ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà àgbà wo àwòrán inú àyà rẹ̀, ó rí kókó kan, ó ní jẹjẹrẹ ni. Ta ló bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló bi í pé eruku wo ló fà símú? Wọ́n gé ẹran bíńtín níbi kókó náà, wọ́n rì í sínú ìgò kan ṣoṣo, sínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà. Oògùn yẹn kì í dá ohun alààyè sí. Bí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbìn kó hù kí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọ́n ti pa á. Èsì dé: wọn ò rí jẹjẹrẹ. Dókítà àgbà ní abẹ́rẹ́ ló tàsé. Ẹ wo ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ tàsé, tó ṣì ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ fún un.

"Àbúrò," ó pè mí lórí bẹ́ẹ̀dì, "ibi tí kò jò làwọn èèyàn yìí ń kàn níṣòó."

"Ẹ̀gbọ́n, dókítà ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ jù wá lọ."

"Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ jù wá lọ. Ṣé wọ́n ti gòkè lọ wò ó ni mò ń bi ọ́."

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá dókítà jiyàn? Oògùn náà sì tú agbára ara rẹ̀ ká, ohun tó wà láyà rẹ̀ wá rí àyè ṣe bó ṣe fẹ́.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, dókítà obìnrin kan pa ẹran inú ìgò náà láró mìíràn kí ohun tó fara pa mọ́ níbẹ̀ lè hàn, ó tún un wò. Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ tí a wá gbé òkú lọ sin.

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu ni, inú ìgbẹ́ àdán ló ń gbé. Ó lóògùn."

Dókítà àgbà bá wa níbẹ̀. "Ṣéyẹn máa jí i? Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo gbà fún un. Ta ló wá ń sinmi? Ìwé ikú rẹ̀ ṣì ń pè é ní jẹjẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í wúkọ́ níwájú ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń sá lọ, torí ó gbà pé àrùn bàbá òun ti dé bá òun.

Wọ́n ní àrùn náà ṣọ̀wọ́n. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò wá, báwo ni kò ṣe ní ṣọ̀wọ́n? Kí wọ́n máa béèrè iṣẹ́ ọwọ́ aláìsàn. Kí wọ́n fi ẹran díẹ̀ sínú ìgò kejì, nínú omi iyọ̀ mímọ́, kí wọ́n gbìn ín wò. Kí wọ́n tún ìwé ikú ẹ̀gbọ́n mi kọ, kí dókítà àgbà sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i.

Lọ́la, ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa kọ́kọ́ yà, kí n sọ ọ́ lójú òun àti ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá mú ìgò méjì dání, màá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà àgbà. Tó bá ní kí ni ìkejì wà fún, mi ò ní dìde títí á fi dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.