Tutu Tó Dé Ojúgun

Ojú ṣì ń tì mí. Ní Altona, ní Jámánì, ilé ẹ̀kọ́ ijó ní kí n rán tutu, yẹ̀rì pénpé ijó baléè, fún ọmọbìnrin mi. Kí ọmọ onígbàgbọ́ ṣí itan kẹ̀? Mo rán an dé ojúgun. Lọ́jọ́ ijó, ó ń jó, ó ń sunkún. Ojú ìyàwó pásítọ̀ tó jókòó tì mí ni mò ń wò.

Lọ́dún kejì, ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Berlin, a rí tutu sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tó gùn bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mo ní, "Ṣé o rí i?"

Ọmọ mi ka àlàyé tí wọ́n kọ sí i lédè Jámánì: wọ́n padà gé irú rẹ̀ kúrú kí èèyàn lè rí ẹsẹ̀ oníjó. Ó fi èdè Jámánì sílẹ̀, ó fi Yorùbá sọ pé, "Mọ́mì, ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò."