Ìgbà Tí Bàbá Ẹ-Dín-In-Kù Ná Ọkàn Rẹ̀

Ọjọ́ tí Bàbá Ẹ-Dín-In-Kù ná kọfí mọ́ dókítà lọ́wọ́ ni àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀. Kafíńtà àgbà ni. Kò sí ohun tí wọ́n dárúkọ iye rẹ̀ fún un rí tí kò ní kí wọ́n dín in kù, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá.

Ọkàn rẹ̀ ló ń lù ségesège. Yóò sáré, yóò dúró díẹ̀, yóò tún ta kìjí. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ránṣọ ló fà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ sì ya lílù ọkàn rẹ̀ sórí ìwé. Bàbá gba ìwé náà, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní ẹni tó fa ìlà yìí kò lo rúlà.

Ife kọfí mẹ́fà ló ń mu lóòjọ́. Dókítà ní kó jáwọ́ pátápátá.

"Ẹ jẹ́ ká fi sí márùn-ún."

"Bàbá, ọkàn yín là ń sọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e wá. Mẹ́rin ńkọ́?"

Ojú ti ọmọ rẹ̀ débi pé àjà ilé ló ń wò. Bàbá dìde bí ẹni ń lọ, ó rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Dókítà pè é padà lóòótọ́. Ife kan láàárọ̀ ni wọ́n fẹnu kò sí, Bàbá sì ń yangàn kiri bí ẹni tó ra ọsibítù náà.

Kò pẹ́ tó gbọ́ pé hóró oògùn kan tí wọ́n ń pè ní pòtáṣíọ̀mù máa ń mú ọkàn lù déédéé. Inú rẹ̀ dùn, kò bi dókítà. Ó ná an mọ́ oníṣòwò oògùn lọ́wọ́ títí ẹni yẹn fi fi ìgò kan ṣe ènì lórí méjì. Ó ní ènì kò gbọdọ̀ ṣòfò, ló bá ń gbé hóró mẹ́ta mì níbi tí wọ́n kọ ẹyọ kan sí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ń kàn lọ́wọ́.

Ọmọ rẹ̀ kò dúró sunkún. Ó gbé bàbá rẹ̀ sọ́kọ̀, ó kó gbogbo ìgò náà dání dé iwájú dókítà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n tètè mọ ohun tó ṣe é. Nígbà tí ara Bàbá balẹ̀, dókítà ṣàlàyé pé ara nílò pòtáṣíọ̀mù, àmọ́ inú oúnjẹ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà ló ti ń rí i. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, òun gan-an a máa da lílù ọkàn rú, ó sì lè dá a dúró.

Bàbá yẹ àwọn ìgò náà wò. "Ṣé ènì yẹn ló fẹ́ pa mí?"

Láti ìgbà náà ló ti di olùkọ́ ọ̀ràn ọkàn. Ẹni tó bá wá gba ilẹ̀kùn á kọ́kọ́ na ọwọ́ kí Bàbá wo bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù, á sì ka gbogbo hóró oògùn tó ń lò fún un kó tó rí ilẹ̀kùn gbà. Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ọjọ́ tó di ọwọ́ onígbàjámọ̀ àdúgbò mú, tí ojú Bàbá yí padà nítorí bí iṣan onítọ̀hún ṣe ń lù. Wọ́n jọ wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò dúró di ọjọ́ kejì.

Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá tún lò láyé kó tó sùn tí kò jí mọ́. Nígbà tí ilé kún fún àwọn tó wá kí ọmọ rẹ̀ aránṣọ, ìtàn Bàbá ni wọ́n ń sọ, onígbàjámọ̀ ló sì rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tó ṣe, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ aránṣọ.

"Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà títí a fi dé ọsibítù," ló sọ fún un. "Ó ní òun ń ka bí iṣan mi ṣe ń lù ni, pé bí òun bá fi sílẹ̀, iye rẹ̀ á dàrú."

"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ lò lọ́nà?"

"Ogójì," ni onígbàjámọ̀ wí. "Kò ka nǹkan kan. Ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú ni."