Bàbá Yọ-Díẹ̀ Àti Sìgá Etí Òsì

Gbogbo àdúgbò ló mọ bí Bàbá Yọ-Díẹ̀, káfíńtà, ṣe ṣáná sí pẹ́ńsù nílé ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà pàápàá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Bó ṣe rí gan-an nìyí, ẹni tó bá sọ ọ́ yàtọ̀, irọ́ ló ń pa.

Pẹ́ńsù ni Bàbá máa ń fi há etí ọ̀tún, sìgá ni ti etí òsì, ó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ogójì ọdún. Lọ́jọ́ náà, wọ́n pè é pé ilẹ̀kùn yàrá ọ̀gá ilé-ìwé kò pa dé mọ́. Bàbá wọn ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí etí, ó fa ọ̀kan yọ, ó fẹ́ fi fa ìlà. Ìlà ò hàn. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, nǹkan náà fọ́ wẹ́wẹ́, tábà dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó bú àwọn tó ń ṣe pẹ́ńsù, ó ní wọn ò fi nǹkan gidi sínú rẹ̀ mọ́. Inú tó bí i yẹn ló mú kí sìgá wù ú. Ó na ọwọ́ sí etí kejì, ó fi èyí tó bá níbẹ̀ sẹ́nu, ó ṣáná sí i, ó fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi wọnú. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Bàbá, ṣé ó ń jó?"

Bàbá yọ ọ́ lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. "Ó tutù díẹ̀ ni," ló wí. "Ibi tí òjò ti ń rọ̀ sí i ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí."

Kò gbà pé òun ṣàṣìṣe títí tó fi kú.

Orúkọ Yọ-Díẹ̀ yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló ti wá. Bí ilẹ̀kùn bá há, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ ni, "Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀." Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara pákó nìkan ló mọ. Kò sí ohun tí wọ́n máa pè fún un tí kò ní ní kí wọ́n yọ díẹ̀, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe àdúrà tó gùn jù. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kó ṣèlérí pé títí ikú ni, ó bi wọ́n bóyá ó ṣeé yọ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ rí pé irọ́ ni.

Màmá la máa ń pe ìyàwó yìí. Ikọ́ fée ń bá a jà, Bàbá sì ń fa ogún sìgá lójúmọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti orí ibùsùn. Bí èéfín bá ti kún yàrá, àyà Màmá á máa dún fíì-fíì. Ó sọ, ó sọ, ó sú u. Lọ́jọ́ kan ó ká ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ abíyá, ó kó lọ sí pálọ̀. Kò jà. Ó kàn ní ọjọ́ tí èéfín bá kúrò ní yàrá yẹn lòun náà máa pa dà síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Àga gígùn tó wà ní pálọ̀ yẹn, Bàbá ló kàn án, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kàn án kó le. Ó ní àlejò tí ìjókòó bá tù lára kì í tètè lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń yangàn pé kò sí ẹni tó lo wákàtí kan lórí àga náà rí. Orí rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wá ń sùn báyìí, tí ẹ̀yìn ń ro ó, nígbà tí ọkùnrin tó kan ibùsùn fún ìdajì ìlú ń dá yí gbiri nínú yàrá.

Bàbá kọ́kọ́ ná an. Ó ní òun á máa yọ orí síta láti ojú fèrèsé bí òun bá ń fa sìgá. Ó tilẹ̀ mú téèpù, ó wọn ilẹ̀ láti fèrèsé dé pálọ̀, ó ní kò sí èéfín tó lè rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Màmá yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àyà Màmá há débi pé kò lè sọ gbólóhùn kan parí. Bàbá dì í mú, ó di ilé ìwòsàn. Àtẹ̀gùn méjìlá ló wà níbẹ̀, Bàbá sì dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gùn ún tán. Nọ́ọ̀sì tó pàdé wọn lókè kò mọ èwo nínú wọn ni aláìsàn.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí Màmá nímú. Nọ́ọ̀sì, obìnrin kúkurú kan tí kì í pariwo, wá mú Bàbá jókòó. Ó ní èéfín tí Bàbá ń tú jáde, ẹni tó wà nítòsí ló ń fà á wọ ẹ̀dọ̀fóóró, ikọ́ fée ò sì fẹ́ irú ẹ̀. Ó ní kí Bàbá náà fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó ní ẹ̀dọ̀fóóró Bàbá ti fi ogún ọdún dàgbà ju Bàbá lọ. Bàbá béèrè bóyá ẹ̀rọ yẹn kì í ṣàṣìṣe.

"Ogún lẹ̀ ń fà lójúmọ́," nọ́ọ̀sì wí. "Òdo ni mo fẹ́."

"Ọmọ mi, má ṣe mí báyìí. Jẹ́ ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Òdo, Bàbá."

"Mẹ́wàá. Tìẹ ni mo rò."

"Òdo ni."

"Ó dáa, yọ díẹ̀ níbẹ̀."

"Kí la fẹ́ yọ nínú òdo, Bàbá?"

Láti ìgbà tí Bàbá ti ń nájà, kò bá irú èyí pàdé rí.

Ìgbà náà ni Màmá gbé ohun tó wà nímú rẹ̀ kúrò. "Ogójì ọjọ́," ó wí, ó mí díẹ̀. "Tó bá pé ogójì ọjọ́ tẹ́ ò fa ẹyọ kan, mo máa pa dà sí yàrá." Bàbá wo ojú rẹ̀, kò ní kó yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì là á yé e pé orí á máa fọ́ ọ, pé oorun ò ní kùn ún, pé inú á máa bí i lásán, ṣùgbọ́n pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òùngbẹ sìgá máa ń lò kó tó kọjá lọ. Ó ní kó máa mu omi, kó wá nǹkan fi sẹ́nu. Ó ní tó bá ṣubú, kó má bà á nínú jẹ́, kó dìde, kó bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti ọ̀kan, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú kó tó ṣeé ṣe. Ó wá fún un ní pílásítà kan tó ní oògùn nínú, kó máa lẹ ọ̀kan mọ́ apá láràárọ̀, kí ara lè gbàgbé sìgá díẹ̀díẹ̀.

Bàbá fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn pílásítà náà, ó mi orí. Ó ní ẹni tó ṣe é ò kọ́ṣẹ́ yanjú. Nígbà tó délé, ó bu gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó, ó fi lẹ pílásítà mọ́ apá, ó wá mú irin tí wọ́n fi ń fún pákó mọ́ra, ó fi de apá náà mọ́ tábìlì iṣẹ́ kó lè gbẹ. Ibẹ̀ làwọn oníbàárà bá a tó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń kí wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kejì, pílásítà ò ṣí. Omi gbígbóná àti òróró ni nọ́ọ̀sì fi tú u, gbogbo irun apá bá a lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe báyìí, Bàbá?"

"Igun kan ń ṣí," ni Bàbá wí.

Nọ́ọ̀sì ní oògùn yẹn, inú awọ ló ń gbà wọlé, gọ́ọ̀mù sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó sọ yẹn ló yé Bàbá. Kò tún fi gọ́ọ̀mù sí i mọ́.

Ojú wa rí nǹkan lásìkò yẹn. Bàbá bú ìṣó, ó bá òòlù jà, kò bá ayùn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó fi pẹ́ńsù kejì há etí òsì, ó sì ń jẹ ẹ́ débi pé ẹnì kan rò pé eku ló ń jẹ ẹ́, ó bá a ra oògùn eku. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Màmá gbọ́ òórùn kan lára ẹ̀wù rẹ̀. Bàbá ní gọ́ọ̀mù ló jóná. Màmá tún ìrọ̀rí rẹ̀ tò sórí àga.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni Bàbá tó wá dúró níwájú rẹ̀, tó ní, "Ó ti pé ogójì." Màmá gbọ́ òórùn ẹ̀wù, ó gbọ́ ti ọwọ́, ó gbọ́ ti ẹnu. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó wọ yàrá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tún jọ lò níbẹ̀. Àyà Màmá ò há bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Bàbá sì máa ń gun àtẹ̀gùn méjìlá yẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láìdúró, láti lọ fi ara rẹ̀ han nọ́ọ̀sì. Àṣà tuntun kan ṣoṣo ló kù tí Màmá ń ráhùn sí: àràárọ̀ ni Bàbá máa ń wá bàtà sẹ́yìn ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàtà náà wà.

Ẹ̀dọ̀fóóró ò gbàgbé ohun gbogbo. Lọ́dún yìí ó dá Bàbá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta, ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ó lọ. A sunkún. Ká má purọ́, a tún rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó lè dárúkọ rẹ̀ tí kò ní rántí pẹ́ńsù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá àti ọmọ wọn obìnrin sún ibùsùn kúrò lára ògiri láti gbálẹ̀. Ẹ̀yìn pákó orí ibùsùn náà kún fún ìlà pẹ́ńsù, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, márùn-ún márùn-ún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ́kànlá ló wà lókè pátápátá, ó ti fi ìlà gbọọrọ fagi lé e. Mẹ́rìndínlógún tẹ̀ lé e, ó fagi lé ìyẹn náà, ó kọ "Ọjọ́bọ̀" sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, kò sì tún fagi lé nǹkan kan mọ́ títí di ọjọ́ tó lọ sílé ìwòsàn: bàtà tó máa ń wá láràárọ̀ nìyẹn.

Màmá jókòó sórí ibùsùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gọ́ọ̀mù ló jóná, àbí?" ó wí fún pákó náà. Ó ní ká ní kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, tó wá sọ fún òun pé ó ti pé ogójì, òun ì bá gbà á gbọ́. Ọkùnrin tí kò san iye tí wọ́n pè rí láyé rẹ̀, ó san ogójì ọjọ́ yẹn pé pérépéré, kò ná an.

Ó ní kí ọmọ òun mú pẹ́ńsù wá, ọ̀kan nínú àwọn tí eyín Bàbá ti jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ilé ìwòsàn ò sí lára pákó. Ó fa ọ̀kan, ó fa èkejì.

"Màmá, àárọ̀ ni wọ́n kú lọ́jọ́ kẹta yẹn," ọmọ náà wí. "Kò pé ọjọ́ kan. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀."

"Kò sí yíyọ níbẹ̀," ni Màmá wí, ó sì fà á pé.