Ọ̀gá Tí Kì Í Yinni

Tọ́rọ́ ni a fi ń ra àkàrà àjẹyó nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Lónìí, igba náírà kò ra èyí tó yó ọmọdé. Ọ̀gá wa nílé-ìwé ní Ìkọ̀lé a máa ra àkàrà fún àwa tíṣà ní ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n kì í yin ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo kíláàsì rẹ bá yege, yóò kàn ní, "Uṣẹ́ rẹ lo ṣe."

Mo parí yunifásítì, mo kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ́fíìsì tó fẹ́ gbà mí ní àfi kí ọ̀gá mi àtijọ́ jẹ́rìí mi. Mo fún wọn ní àdírẹ́sì Ọ̀gá. Bí n kò bá rí iṣẹ́ náà, ilé ni mò ń padà sí lọ́wọ́ òfo.

Òyìnbó ibẹ̀ pè mí, ó ka èsì Ọ̀gá sí mi létí: "Mo mọ bàbá rẹ̀. Kò sí olè nílé wọn. Bí ó bá ba nǹkan yín jẹ́, ẹ wá gba oko kòkó mi tó wà lọ́nà Ọ̀yẹ́."

Oko kan ṣoṣo tí Ọ̀gá ní nìyẹn.

Òyìnbó náà ní, "Ṣé ẹbí rẹ ni?"

"Rárá, sà. Ọ̀gá mi ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ́rìí ẹni ló dúró fúnni."

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Nínú àwa tíṣà ìgbà náà, ó ku èmi àti obìnrin kan ní Ìfàkì. Lọ́dún tó kọjá ni mo sọ ọ̀rọ̀ oko náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, oko yẹn kan náà ló fi dúró fún ọkọ mi."

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀gá náà ti lọ. Kò sí ẹni tó kù tí mo lè bi pé àwa mélòó ló fi oko náà dúró fún.